Morufat Kò Jáde Nínú Tákàbà

Ìsàlẹ̀ Èkó,
Oṣù Júláì, 1957.

Mọ̀núrù, àbúrò mi àtàtà,

Àsàlámù àlékùm. Ará Ìbàdàn ńkọ́? Iṣẹ́ rélùwéè ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá ìwọ, ìyàwó àtàwọn ọmọ nínú àlàáfíà. Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Jọ̀wọ́, kà á dé òpin.

Ọ̀rọ̀ Morufat àbúrò wa ni. O mọ̀ pé láti ìgbà tí Bùsàrí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń ṣe tákàbà nílé ọkọ níbí. Gbogbo wa là ń rí i pé kì í jẹun, kì í sọ̀rọ̀, ògiri ló ń kọjú sí látàárọ̀ dalẹ́. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí a ṣe? À ń yìn ín! Àwọn obìnrin agbo-ilé ń wí pé, "Opó tó mọ tákàbà ṣe nìyí, kò tilẹ̀ yọjú síta." Àlùfáà pàápàá fi í ṣe àpẹẹrẹ níbi wáàsí. Àṣé àìsàn là ń pè ní ìwà rere.

Lọ́jọ́ tí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tákàbà pé, a pọn omi ìwẹ̀ fún un, mo sì ra léèsì tuntun wá láti Balógun. Morufat ò dìde. Mo fà á lọ́wọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń ké pé bí òun bá fi ẹsẹ̀ kan ìta, Bùsàrí á kú. Yéè! Bùsàrí tó ti wà ní sàréè! Láti ọjọ́ náà ni kò ti fọhùn mọ́.

Kíá ni Bàbá Yẹ̀kínì, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ti ní ó ti ya wèrè. Ó ní lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀, òun á mú un lọ sọ́dọ̀ olóògùn kan tó ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de èèyàn mọ́lẹ̀. Mo ní kò ní ṣojú mi, wọn ò ní de ọmọ ìyá mi. Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó ní, "Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀? Ọkùnrin ilé yín dà?" Inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n da omi ìwẹ̀ ọ̀hún lé e lórí.

Hàwáwù, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Olówógbowó, ló mú mi lọ bá dókítà kan tó ń tọ́jú àárẹ̀ ọkàn. Mo kọ́kọ́ jiyàn, mo ní ta ló fẹ́ kí ayé rí òun níbẹ̀? Dókítà ní, "Ìyáàfin, kì í ṣe wèrè nìkan ló ń wá bá wa. Ẹni tí kì í róorun sùn ń wá. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà láìrí ohun tó ń lé e ń wá. Tọkọtaya tí wọn ò lè bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ ń wá. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tí ọ̀fọ̀ ọ̀hún kọ̀ tí kò tán lára rẹ̀, òun náà ń wá." Ó ní àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú, àwọn kì í de èèyàn. Abúlé kan wà lẹ́bàá ilé ìwòsàn wọn ní Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni aláìsàn á máa gbé, ẹnìkan nínú ẹbí rẹ̀ á sì máa bá a gbé. Èmi ni màá lọ. Mo ti ti ìsọ̀ mi pa.

Ṣùgbọ́n Bàbá Yẹ̀kínì ò ní fà á lé èmi obìnrin lọ́wọ́. Ìwọ nìkan ni ọkùnrin tó kù fún wa. Wọ ọkọ̀ ojú irin, kí o dé kó tó di Jímọ́ọ̀. Bí òyìnbó rẹ bá kọ̀, fi í sílẹ̀ kó máa bínú. Mọ̀núrù, ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ́nà. Kò ní jẹ́ kí o pàdé aburú, a ò sì ní pàdánù ara wa. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ ìyá rẹ,
Àdìjátù.

Mo tún ń kọ díẹ̀ kún ìwé yìí o. Yàrá Morufat ni mo jókòó sí, mo sì ń kà á sókè bí mo ṣe ń kọ ọ́, torí gbogbo wa ti gbà pé kì í gbọ́ ohun tí à ń sọ. Bí mo ṣe fẹ́ lẹ̀ ẹ́ pa, ó sọ̀rọ̀ láìyíjú kúrò lára ògiri. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bẹ bùrọ̀dá Mọ̀núrù kí wọ́n tètè wá. Mi ò fẹ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀."