Màmá Verna Tveit, Ẹni Tó Rán Àkọ̀ fún Ọ̀bẹ Tó Wọ́

Ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́ tí ẹ la yìnyín kọjá wá sínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ fìdí lé àga dáadáa. Ìtàn ìyá kan ni ìdílé Tveit fẹ́ sọ fún yín. Kò dùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí ayé tí Màmá gbé náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1938 ni a bí Verna Hagestad ní abúlé Stony Ford, lábẹ́ àwọn òkè Montana. Nels Hagestad, tó ń rán gàárì ẹṣin, ni bàbá wọn. Tilda ni ìyá wọn. Màmá lọ sí ilé ìwé oníyàrá kan tó wà létí odò, ṣùgbọ́n abẹ́ tábìlì bàbá wọn ni wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ gan-an, níbi tí àjákù awọ ti ń já bọ́ sí wọn lórí. Kí wọ́n tó mọ lẹ́tà kọ ni wọ́n ti mọ bí a ṣe ń fi ìda oyin pa òwú.

Ní ọdún 1959, wọ́n fẹ́ Orrin Tveit, alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ. Lyle ọmọkùnrin wọn dé ní 1962, Janelle ọmọbìnrin wọn dé ní 1966. Bàbá Orrin ń rọ ọ̀bẹ, Màmá ń rán àkọ̀ rẹ̀. Wọ́n á rẹ awọ sínú omi, wọ́n á fi wé ọ̀bẹ, wọ́n á wá máa fi egungun àgbọ̀nrín tẹ̀ ẹ́ títí awọ yóò fi mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ara irin náà. Awọ tó bá gbẹ báyẹn ti di ilé ọ̀bẹ kan ṣoṣo. Ọdẹ kan pè wọ́n lórí fóònù rí pé òun á kàn sọ bí ọ̀bẹ òun ṣe gùn tó. Màmá ní, "Gbé ọ̀bẹ wá, jàre. N kì í dá aṣọ fún ẹni tí n kò rí."

Oṣù kẹwàá ọdún 1985 ni ìbànújẹ́ wọlé. Lyle rọ ọ̀bẹ àkọ́kọ́ tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ, ó sì wọ́ díẹ̀ nítòsí ẹnu. Bàbá gbé e sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ọ̀bẹ nìyí ni àbí ìwọ̀ ẹja? Bọ́tà nìkan ló lè gé, a ó sì kọ́kọ́ bẹ bọ́tà náà."

"Dádì, ó tó gẹ́ẹ́."

Ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Màmá gba ọ̀bẹ náà, wọ́n gé awọ tó dára jù nílé, wọ́n sì mọ àkọ̀ bá a bó ṣe wọ́ gẹ́lẹ́. Ilẹ̀ mọ́, àsìkò ọdẹ ṣí, awọ ò tíì gbẹ.

"Dúró di ọ̀la, Lyle."

"Màmá, àgbọ̀nrín ò ní dúró de awọ."

Ó fi àkísà wé ọ̀bẹ rẹ̀, ó gun òkè lọ. A kò rí i mọ́.

Gbogbo abúlé wá a títí yìnyín fi dí ọ̀nà. Bàbá ní inú ló ń bí ọmọ náà, ó ti lọ sí Alaska. Bí inú rẹ̀ bá rọ̀, á padà wá. Nígbà tí àlùfáà ní kí a ṣe ìsìn ìrántí, Bàbá fọwọ́ gbá tábìlì: "Ta ló kú tí ẹ fẹ́ sin?" Àgbà ní ó sàn kí ọmọ ẹni kú ju kó nù lọ. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, Màmá ló ń se oúnjẹ fún gbogbo ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Bí ó bá di àdúrà tiwọn, wọn ò mọ̀ bóyá ti òkú ni kí wọ́n gbà fún Lyle, tàbí ti arìnrìn-àjò. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, àkọ̀ náà sì wà lára ògiri.

Ní 1996, iná jó òkè. Àwọn panápaná rí irin kan láàárín àpáta, èkù rẹ̀ ti jóná. Wade Pruitt, ọlọ́pàá àgbègbè wa, gbé e wá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ èyí?"

Bàbá wò ó. "Kì í ṣe tirẹ̀."

"Ó wọ́ níbí, sà."

"Iná ló wọ́ ọ! Ṣé o ò mọ ohun tí iná ń ṣe sí irin ni? Gbé e lọ."

Màmá ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò jẹ́jẹ́. Wọ́n já àkọ̀ lára ògiri, wọ́n na méjèèjì sí ọkọ wọn.

"Orrin, tì í bọ àkọ̀."

"Verna, má ṣe èyí sí mi."

"Ọwọ́ tó ní kì í ṣe tirẹ̀ ni kó tì í bọ àkọ̀."

Ọ̀bẹ wọlé. Ibi tó wọ́ bá ibi tó wọ́ pàdé, ó sì jókòó. Bàbá dorí rẹ̀ kodò, wọ́n gbọ̀n ọ́n, kò já bọ́. Wọ́n jókòó sórí ìtì igi, wọ́n ní, "Kò tilẹ̀ bínú sí mi, àbí? Ó kàn kú ni." Màmá ní, "Ó kàn kú ni."

Wade lọ sí àpáta náà, ó rí egungun ọmọ wa, òkúta lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. A sin ín. Bàbá ò dáná àgbẹ̀dẹ mọ́ títí wọ́n fi kú ní 2003. Màmá ń rán àkọ̀ lọ, títí ojú ò fi ríran gún abẹ́rẹ́ mọ́.

Màmá dákẹ́ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní ọdún 2021. Wọ́n fi Janelle sáyé, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ Curt, àwọn ọmọ-ọmọ, Britta àti Soren, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan, Elsie.

Ẹ mọ̀ pé ní ìhà tiwa, ilẹ̀ a máa dì bí òkúta nígbà òtútù, òkú a sì máa dúró nínú ilé òkú títí ilẹ̀ á fi yọ́. Màmá ti sọ fún Janelle pé, "Èmi ò dúró de nǹkan kan mọ́ o." Nítorí náà ni ẹ fi rí èéfín lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹ ṣe ń bọ̀. Láti àná ni Curt àti Soren ti ń dáná sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lyle, kí ọkọ́ lè wọ̀ ọ́.

Janelle ló rí gbogbo rẹ̀, òun ló sọ ọ́ fún wa; àwa náà ti sọ ọ́ fún yín.

Ilẹ̀ ti rọ̀, Màmá. Ẹ máa wọlé, kí oorun yín ó dùn.