Purotéènì Yẹ̀kínnì Ju Tèmi Lọ

Abà Onígbá,
Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.

Kíkẹ́ ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le bí ọta? Ṣé ilé tí o gbà ní Àgùdà kò jò mọ́? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí o máa jẹun kí o tó jáde. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí a gbọ́ ìròyìn burúkú nípa rẹ, kò sì ní jẹ́ kí ìwọ náà gbọ́ tiwa. Àmín.

Ohun tó mú mi kọ ìwé yìí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀wà sóyà tí o ní kí n gbà jọ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ibí, kí ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò níbi iṣẹ́ rẹ ní Yaba. O ní oríṣiríṣi ni kí n wá, kí n sì kọ orúkọ ẹni tó ni ín sára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ti Yẹ̀kínnì nìkan ló ni mí lára, nítorí o mọ̀ pé ó ti di ọdún mẹ́ta tí ewúrẹ́ rẹ̀ ti jẹ oko mi run, n kì í kí i, òun náà kì í kí mi. Ìyá rẹ ló lọ gbà á wá, a wá kó gbogbo rẹ̀ fún awakọ̀ tó ń lọ Jíbówú.

Nígbà tí èsì dé sórí fóònù Tíṣà Rótìmí, tó ń kọ́ àwọn ọmọ abà wa níwèé, mo gbé fóònù náà sétí títí, n ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní kíkà ni wọ́n ń kà á. Ló bá kà á lójú gbogbo èèyàn: Yẹ̀kínnì, purotéènì mẹ́tàlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún. Màmá Gertrude, mọ́kàndínlógójì. Àkàngbé, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó tún ka orúkọ àwọn kan tó wà nísàlẹ̀, Láísìn, Lúsìn, Falíìn àti Mẹtaónìn, ó ní Mẹtaónìn yìí mà kéré o. Òjò sì ti ṣú, ló bá gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ, kò dúró ṣàlàyé.

Kíkẹ́, ẹ̀rù bà mí. N kò mọ̀ pé ẹ lè ti ara ẹ̀wà mọ ohun tó wà lára ẹni tó gbìn ín. Àwọn nọ́ọ̀sì ti máa ń sọ pé ẹni tí kò bá ní purotéènì tó, okun rẹ̀ á máa dín. Èmi náà rèé pẹ̀lú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n! Mo lọ dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Ọjọ́ méjì gbáko n ò lọ oko. Ìyá rẹ ní kò sí ohun tó ṣe mí, pé mo ṣì ń jẹ ẹ̀bà bó ṣe yẹ, síbẹ̀ ó ń se ẹyin fún mi. Mo ṣe bí àwọn ọ̀gá yín ni Láísìn àti àwọn yòókù, mo ń fi orúkọ wọn gbàdúrà láràárọ̀ kí wọ́n lè ṣàánú mi, kí wọ́n tún tèmi yẹ̀ wò. Mẹtaónìn ni mo ń gbàdúrà fún jù, nítorí wọ́n ní ó kéré.

Lọ́jọ́ kẹta, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo rí Yẹ̀kínnì tó ń gbé igbá sóyà bọ̀. Ó gbé igbá náà kalẹ̀ níwájú mi. Ó wá ní Àkàngbé, ewúrẹ́ ló dá ìjà yìí sílẹ̀, òun ò bá mi jà kí n kú. Ó ní wọ́n ní tòun pọ̀ ju tèmi lọ, kí n gbà nínú rẹ̀, pé Ọlọ́run ló fún òun, kí ni òun nìkan fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ṣe? Mo fẹ́ sọ pé n ò gbà, ṣùgbọ́n mo sún kí ó lè rí àyè jókòó. Omi ni mo ní kí wọ́n bù fún un. Ó jókòó. Ìyá rẹ yan díẹ̀ nínú sóyà náà, àwa méjèèjì ń jẹ ẹ́, n ò ní purọ́ fún ọ, ara mi ti dá ṣáṣá kí a tó jẹ ẹ́ dé ìdajì.

Ibẹ̀ ni Tíṣà bá wa. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní sóyà ni wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe èèyàn, pé irú tí Yẹ̀kínnì ń gbìn yàtọ̀ sí irú tèmi ni. Ó ní Láísìn àti àwọn yòókù kì í ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni, pé bí búlọ́ọ̀kù ṣe ń di ilé ni wọ́n ṣe ń di purotéènì. Ó ní Mẹtaónìn máa ń dín nínú sóyà gbogbo, Láísìn a sì máa dín nínú àgbàdo, ìdí nìyẹn tó fi dára kí a lọ̀ wọ́n pọ̀ ṣe ògì fún ọmọdé, kí ọ̀kan lè kún èkejì. Àdúrà tí mo ti gbà fún Mẹtaónìn sì pọ̀ o.

Ojú ti àwa méjèèjì, a ò lè wo ara wa. Mo rò pé Yẹ̀kínnì á gbé igbá rẹ̀, á máa lọ. Kò dìde. Nígbà tí Tíṣà lọ tán, ó ní láti ọdún mẹ́ta yìí ni òun ti ń wá ohun tí òun máa gbé wọlé mi, òun ò rí. Kíkẹ́, n ò mọ ìgbà tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Irúgbìn tirẹ̀ ni mo gbìn lọ́dún yìí, òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi gbìn ín. Ó ní kí n kí ọ, ó ní ṣé o ti rí ọkọ ní Èkó, mo ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí o ráyè. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra bàtà òjò méjì, tèmi àti ti Yẹ̀kínnì, nítorí omi pọ̀ lóko. Bí kò bá sí, má lọ yáwó o, a ó máa fi ẹsẹ̀ lásán rìn ín.

Ọlọ́run tó mọ ọ̀nà Èkó kò ní jẹ́ kí o ṣìnà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní já sí asán. Níbi tí wọ́n bá ti ń pín oore, wọ́n á pe orúkọ rẹ, wàá sì wà níbẹ̀ láti dáhùn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àkàngbé, tí ara rẹ̀ ti le dáadáa.