Ewéko Olówùú Pupa

Bàbá àwọn ọmọ, ẹ kú iṣẹ́ àná. Ẹ̀yìnkùlé tó jẹ́ kíláàsì àwọn ọmọ yín ti mọ́ tónítóní bí orí apárí. Òwú pupa tí ẹ bá lára ewéko ẹ̀bá ògiri yẹn, ṣé ẹ rò pé òun ló so òwú ni? Àbíkẹ́yìn yín ló so ó mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ń yà á sínú ìwé, tó ń retí òdòdó rẹ̀ ká lè mọ orúkọ rẹ̀. Àárọ̀ àná ló rúdí, kí ẹ tó gé e.

Láàárọ̀ yìí, ó jókòó ti kùkùté rẹ̀, ó ní, "Màámi, ṣé bàbá ò mọ̀wé ni?" Mo ní wọ́n mọ̀ ọ́n, àdá wọn ni ò mọ̀wé.

Ẹ má bínú pé mo pè yín ní ewúrẹ́ létí àwọn ọmọ. Ewúrẹ́ ì bá ṣẹ́ díẹ̀ kù.

Èmi àti àwọn ọmọ ti lọ wá irú rẹ̀ létí odò. Kí ẹ tó mu tíì, ẹ bu omi sí kùkùté náà, gbòǹgbò rẹ̀ ò tíì kú. Omi nìkan o, ẹ má ṣe iṣẹ́ kankan kún un.

Ẹ máa rí òwú pupa lára àga yín. Ẹ má tú u. Ọmọ yín ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: "A ò tíì mọ ìwúlò èyí. Kí ẹnikẹ́ni má gé e."