Ọwọ́ Tó Dákẹ́

Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí, Ọ̀nà Ìfọ́n,
Ìlobù, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ Àìkú, oṣù Kejìlá.

Pamílẹ́rìn Àkànó, ọmọ mi,

O kú òtútù, o kú ojú omi. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìdúró, kí ara rẹ le, kí oúnjẹ sì máa dùn lẹ́nu rẹ ní Sikọ́tílàǹdì yẹn. Ara tèmi náà le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Àbúrò rẹ, Azeezat, ń kí ọ. Òun ni yóò fi fóònù ya lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ, torí bí mo bá pè ọ́, ẹ̀rín lo máa ń fi pa mí lẹ́nu mọ́. O ò lè fi ẹ̀rín pa ìwé lẹ́nu mọ́.

Mo rí àwòrán oríṣi bàtà méjì àti oríṣi ìbọ̀wọ́ méjì tí o rà, tí o ní kí n bá ọ yan èyí tí wàá máa fi mòòkùn lọ tún àwọ̀n ẹja tí ẹ ń sìn nínú òkun ṣe. Inú mi dùn pé o bi mí, àṣé o ti yàn kó o tó bi mí. O ní bàtà tó fún mọ́ ẹsẹ̀ pinpin lo mú, o sì mú ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, torí èyí tó nípọn ń jẹ́ kí ọwọ́ rẹ dà bíi ti akàn.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ bàtà yẹn ti wá. Nígbà tí o wà ní pámárì, bàtà tó ju ẹsẹ̀ rẹ lọ ni mo máa ń rà fún ọ, n óò ki fóòmù sí i níwájú kó lè pẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń pè ọ́ ní Bàtà-ń-bọ̀, torí wọ́n máa ń gbọ́ bàtà kí wọ́n tó rí ọ. O wá búra pé o ò ní wọ bàtà ńlá mọ́ láyé. Ó dáa, ṣùgbọ́n omi yẹn kò mọ̀ pé wọ́n fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Ẹsẹ̀ tí bàtà bá fún, ẹ̀jẹ̀ kì í rìn dé ọmọ ìka rẹ̀. Wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn kó o tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Bí ọmọ ìka rẹ kò bá lè mì nínú rẹ̀, gbé e fún ẹlòmíràn. Má sì wọ èyí tó fẹ̀ jù, omi yóò máa wọlé-jáde nínú rẹ̀ bí àlejò tí kò nítìjú.

Bàtà kọ́ ló lé oorun lójú mi. Ohùn tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àlàmísì ni. O ní nígbà tí o kọ́kọ́ wọnú omi, ọwọ́ ń dùn ọ́ bíi kó já, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, "Màmá, ọwọ́ mi ti dákẹ́, kò dùn mí mọ́, ẹ má ṣèyọnu." O sọ ọ́ bí ẹni tó gba ẹ̀bùn. Azeezat ń rẹ́rìn-ín. Èmi jókòó sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ kú, ohun tí wọ́n wá sọ fún mi nìyẹn, pé Bàbá Pamílẹ́rìn ti dákẹ́.

Ẹja inú fíríìsà ni mo ń tà tí mo fi tọ́ yín. Ìka ọwọ́ òsì mi tó kákò, tí o máa ń fà ní kékeré, n kò sọ ohun tó ṣe é fún ọ rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń fi ọ̀bẹ ya títùs tó dì gbagidi. Ọwọ́ kọ́kọ́ dùn mí, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Inú mi dùn, mo tẹra mọ́ṣẹ́. Oníbàárà mi, Tọ̀yìbátù, ló ní, "Ìyá Pamílẹ́rìn, ẹja yìí mà ń ṣẹ̀jẹ̀." Ẹja tó ti kú tipẹ́, tó le bí òkúta. Ẹ̀jẹ̀ mi ni.

Èmi wà lórí ilẹ̀, mo rí ẹni pè mí. Ìwọ lo sọ fún mi pé ìgbànú olójé ni ẹ ń dì mọ́ ìbàdí kí omi má baà gbé yín léfòó, pé bí nǹkan bá ṣe, ìka ni ẹ fi ń tú u kẹ́ ẹ lè gòkè. Bí ìka bá ti dákẹ́, kí lo máa fi tú u, Àkànó? Ẹ̀rù ń bà mí.

Níbí náà, wọ́n ní ìjà ilẹ̀ àwa àti Ìfọ́n ti dákẹ́. Èmi tí wọ́n bí ní Ìfọ́n, tí mo wá lọ́kọ ní Ìlobù, mo máa ń wo títì yẹn ní ìrọ̀lẹ́. N kì í rí ọmọdé, n kì í gbọ́ ọ̀kadà. N ò fọkàn tán irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá ń dunni ṣì wà láàyè. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìfọ́n kò tíì wá kí mi láti ìgbà Iléyá.

Nítorí náà, ìbọ̀wọ́ tó nípọn ni kó o mú. Wọ̀ ọ́ nílé, di ẹ̀ṣẹ́, kó o fi tú ìgbànú yẹn títí yóò fi mọ́ ọ lọ́wọ́. Nígbà tí ọwọ́ bá sì ti dákẹ́ nínú omi, jáde, má dúró parí iṣẹ́. O ní ẹ tún máa wọ omi lọ́jọ́ Àtìní. Mo fi ọyàn tí o mu bẹ̀ ọ́, má fi ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn wọ omi.

Ọlọ́hun á ṣọ́ ọ. Bí o ṣe ń wọ omi ni wàá máa jáde, tọwọ́ tẹsẹ̀. Pamílẹ́rìn la sọ ọ́, o ò ní pa mí lẹ́kún. Àmín.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Ṣùkúrátù.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Àtìní ti dé. Azeezat ti fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ láti àárọ̀. Ó ní àmì kan ṣoṣo ló wà nídìí rẹ̀, pé bó bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ, yóò di méjì. Ilẹ̀ ti ń ṣú báyìí, ẹyọ kan náà ló ṣì wà. Mo pe Ọlábánjí, ọmọ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tí ẹ jọ ń gbé. Ó ní ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí o fi jáde, àti pé ìbọ̀wọ́ tó nípọn wà lórí tábìlì níbi tí o gbé e sí. Ọmọ mi, bí ọwọ́ bá ń dùn ọ́, sunkún kí n gbọ́. Má dákẹ́.