Ilẹ̀kùn Yàrá Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi Victoire,

Ẹ má wá ilẹ̀kùn yàrá Màmá. Bàbá ló yọ ọ́ lẹ́yìn tí ẹ lọ túfọ̀ fún ẹbí Màmá ní Sakété. Mo ti ta aṣọ dí ẹnu ọ̀nà. Màmá ṣì wà nínú.

Gbẹ́nàgbẹ́nà tí a ránṣẹ́ sí wá, ṣùgbọ́n Bàbá ní kó máa lọ, òun ló máa kan pósí ìyàwó òun. Ilẹ̀kùn yẹn ló ń lò. Mo mọ ohun tó máa wá sí yín lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní ahun lónìí.

Mo to àwọn pákó ilẹ̀kùn náà lóríṣiríṣi ọ̀nà, mo sì sọ fún un pé wọn ò ní gùn tó. Ó dùbúlẹ̀ lórí wọn, ó ní kí n fi ẹfun sàmì síbi etí òun. "Ibẹ̀ ni orí rẹ̀ máa ń dé tí a bá dúró pọ̀." Wọ́n gùn tó.

Aṣọ tí Màmá wọ̀ lọ́jọ́ òmìnira wà nínú àpótí. Ẹ bá wa lọ̀ ọ́. Bàbá kò tíì jẹun láti àná.

Mo lọ ra ìṣó ní Pobè. Láti kékeré wa ló ti ń ní kí a máa lu ìṣó tó ti tẹ̀ kó lè tọ́. Mo gbé agolo àwọn ìṣó àtijọ́ náà fún un, ó dá a padà. Ó ní, "Mathias, ra tuntun fún ìyá yín."