Àtẹ̀gùn Kejì

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Mo lọ wo ilé-ìwé tí mo ya pláànù rẹ̀ fún Tíṣà. Ọ̀dà ni wọ́n ń kùn báyìí. Mo dúró sókè pátápátá, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì — àtẹ̀gùn kan ṣoṣo. Kíláàsì méjìlá! Tí iná bá sọ nísàlẹ̀, ibo làwọn ọmọ yẹn máa gbà sọ̀ kalẹ̀? Èmi náà ni mo yọ ìkejì kúrò.

Túsìdè, ọjọ́ kẹrin

Òfin ọ́fíìsì wa rèé, èmi ni mo gbé e kalẹ̀: pláànù kankan ò gbọ́dọ̀ jáde àfi kí ẹni tó yà á dìde, kó kà á létí gbogbo wa, kó sì sọ ibi tó ń bà á lẹ́rù. Ọdún mẹ́sàn-án. Òun làwọn èèyàn fi mọ̀ wá. Ti Tíṣà nìkan ni n kò kà. Ó kọ́ mi ní ábídí. Ó gbá mi léjìká, ó ní kí n bá òun fi kíláàsì méjì kún un, kí n ṣe kíá. Ta ni mo jẹ́ tí màá kọ̀ fún Tíṣà? Mo sọ àyè àtẹ̀gùn kejì di kíláàsì, mo fọwọ́ sí i. Ìjọba náà fọwọ́ sí i, wọn ò tilẹ̀ wò ó. Orí mi ò pé rárá.

Tọ́sìdè, ọjọ́ kẹfà

Sùúrù — igbá-kejì mi lọ́fíìsì, èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò ní sùúrù rárá — bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Mo ní ibà ni. Ó ní irú ibà wo ló ń mú èèyàn ka àtẹ̀gùn ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ kan?

Sátidé, ọjọ́ kẹjọ

Tí mo bá sọ ọ́, orúkọ wa bàjẹ́. Tí n kò bá sọ ọ́ — rárá, n kò lè kọ ìyẹn síbí.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹsàn-án

Àbúrò mi obìnrin pè. Ó ti forúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nílé-ìwé Tíṣà. Ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ èmi ni mo yà á, ọkàn òun balẹ̀. Mo ní ó dáa. Mo pa fóònù, mo sunkún.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹwàá

Mo dìde, mo ka pláànù náà létí gbogbo wọn. Sùúrù ní, "Ẹ̀yin náà kẹ̀, ọ̀gá?" Ó fa ìwé mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àtẹ̀gùn tó lè gba ẹ̀yìn ilé.

Tọ́sìdè, ọjọ́ kẹtàlá

Pálọ̀ Tíṣà. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́, mo ní ọ̀fẹ́ la máa ṣe àtúnṣe rẹ̀. Kò bínú. Kò tiẹ̀ yà á lẹ́nu. Ó bu omi fún mi.

"Dìde, ọmọ mi. Mo mọ̀ tipẹ́. Ọ́fíìsì mẹ́ta ló kọ̀ fún mi kí n tó wá bá ọ. Mo mọ̀ pé tí orúkọ tìẹ bá ti wà lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó ní òun ò ní kọ́ àtẹ̀gùn kankan, Mọ́ńdè tó ń bọ̀ làwọn ọmọ ń wọlé. N kò lè mu omi yẹn.

Inú mọ́tò ni mo ti kọ lẹ́tà sí ìjọba, kí n má baà délé kí ọkàn mi yí padà. Kí wọ́n ti ilé náà pa. Kí wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi tó bá wù wọ́n. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Orúkọ Tíṣà wà níbẹ̀, tèmi ló ṣáájú.