Pọ̀nmọ́ Tí Oyèṣọlá Ń Rán

Ìyá Oyèṣọlá,

Nínú ẹgbẹ̀rún méje náírà tí mo rí lóṣù yìí, oògùn ọpọlọ ọmọ wa gba ₦3,200, gààrì àti epo gba ₦1,450, pọ̀nmọ́ gba ₦600. Ó ku ₦1,750.

Má rò pé mo ti di wọ̀bìà ní Kétu. Oògùn yẹn ló ń mú kí ọwọ́ Oyèṣọlá máa gbọ̀n, ìdánwò tí yóò sọ ọ́ di dókítà sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n á ní kó rán ojú ọgbẹ́ níwájú wọn. Pọ̀nmọ́ ló fi ń kọ́ ọ: yóò gé e, yóò rán an, yóò tú u, yóò tún un rán. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, a ó yọ òwú kúrò, a ó sè é jẹ.

Mo ní, "Ṣé o ò lè fi oògùn yìí sílẹ̀ títí ìdánwò á fi kọjá?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá mi, ṣebí mo fi í sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí ẹ wá mi kiri Magodo títí ilẹ̀ fi mọ́?"

Ọ̀rọ̀ Magodo yẹn kò tó nǹkan, ó ti kọjá. Ó gbé oògùn mì lójú mi, ó sì mú abẹ́rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, àmọ́ ibi tó rán gún régé. Ìwọ tí o jẹ́ télọ̀, o ò ní rí ibi tí wàá bá a wí sí.

Bá mi kí ìyá mi àti gbogbo ará ilé ní Ìsẹ́yìn. Sọ fún wọn pé ara Oyèṣọlá le.

Èmi Àyàndélé, ọkọ rẹ.

Owó ìdánwò rẹ̀ ṣì ku ₦4,000, a ò tíì san án.